Rìsífà Tó Dákẹ́ Lọ́jọ́ Bọ́ọ̀lù ní Japoma

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, January 29, 2022, àwa bí ogún la há sínú pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Japoma, nílùú Douala, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù. Kamẹrúùnù àti Gáńbíà ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Èyí tó bá borí nínú wọn ló máa wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́rin tó kù nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Pápá ìṣeré Japoma gan-an ni wọ́n ti ń gbá a, pápá tó gba 50,000 èèyàn, kò sì jìnnà sílé ẹ̀gbọ́n mi rárá. Kí omi ẹ̀bà tó hó, ẹ ti fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Apá kejì bọ́ọ̀lù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Lójijì, ariwo ńlá gba ojú fèrèsé wọlé. Gbogbo wa yíjú sí tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ a ò rí nǹkan kan. Àwọn ọmọ náà ṣì ń sáré kiri lórí pápá. Ó tó ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí Toko Ekambi tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lójú wa. A ti gbọ́ gòólù ká tó rí i! Ohun tó fà á ni pé ńṣe ni àwòrán tẹlifíṣọ̀n kọ́kọ́ ń lọ sọ́dọ̀ sátẹ́láìtì lójú ọ̀run, tó tún ń padà wá sínú dìkódà, wọ́n á sì ti dì í, wọ́n á tún tú u lójú ọ̀nà. Ariwo àwọn èèyàn tó wà ní pápá ní tiẹ̀ kò yà síbì kankan.

Nígbà tí gòólù náà wá dé orí tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀gbọ́n mi ti yí ohùn rìsífà rẹ̀ sókè pátápátá. Sípíkà márùn-ún àti àpótí béèsì kan ló ń ké. Ife omi ń gbọ̀n lórí tábìlì. Inú ẹ̀gbọ́n mi ń dùn ṣìnkìn. Ó na rìmóòtù sókè bí ẹni tó di ìrùkẹ̀rẹ̀ mú.

Kò pẹ́ sí i ni ọmọdékùnrin kan tó jókòó sílẹ̀ nítòsí kọ́bọ́ọ̀dù sọ pé òun ń gbóòórùn nǹkan tó ń jó. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà, ohùn dákẹ́ pàù, èéfín dúdú sì ń rú jáde lẹ́yìn kọ́tìnnì.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló gbọ́n jù nínú wa. Kò sáré lọ síbi tí èéfín ti ń jáde, ibi tí wọ́n ti ń pa iná gbogbo ilé ló sáré lọ. Ó pa á, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ síta. Etí kọ́tìnnì ti jó díẹ̀. Ká ní òun náà jókòó ti bọ́ọ̀lù ni, mi ò mọ ohun tí mi ò bá máa kọ síbí yìí. Òkùnkùn la wà nígbà tí ariwo kejì tún gba ojú fèrèsé wọlé. Toko Ekambi kan náà ló tún gbá a wọlé. Kamẹrúùnù fi 2 sí 0 na Gáńbíà, àmọ́ àwa kò rí gòólù kejì yẹn títí wọ́n fi tún un fi hàn lálẹ́.

Kí ló ń jẹ́ rìsífà?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Rìsífà ni àpótí dúdú tó wúwo, tó máa ń wà láàárín tẹlifíṣọ̀n àti àwọn sípíkà nílé àwọn tó fẹ́ kí pálọ̀ wọn dà bíi sinimá. Dìkódà, ẹ̀rọ DVD, ẹ̀rọ géèmù àti fóònù lè so mọ́ ọn. Ó máa ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n, á sì pín ohùn fún àwọn sípíkà. Ọ̀kan máa wà lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan á wà láàárín, òun ló máa ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu jáde, méjì á wà lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Àpótí béèsì ló ṣe ìkẹfà, òun ni nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́yìn àmì nígbà tẹ́ ẹ bá rí 5.1 lára páálí. Orúkọ Dolby tẹ́ ẹ máa ń rí lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ orúkọ Ray Dolby, ará Amẹ́ríkà tó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nílùú London lọ́dún 1965.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ owó la fi ń rà á, owó yẹn sì nítàn nílé ẹ̀gbọ́n mi.

Àwọn ará Kamẹrúùnù máa ń pe àjọ ní njangi. Tọkọtaya náà jọ ń dá a ni, nígbà tó sì kàn wọ́n lópin ọdún 2021, àdéhùn wọn ni pé fírísà ni wọ́n máa rà, torí pé ẹja dídì ni ìyàwó rẹ̀ ń tà. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi rí rìsífà kan lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta ọjà àlòkù. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó o wá. Ó mọ́ tónítóní, ó ní gbogbo sípíkà rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì iye tí wọ́n ń ta tuntun. Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà ti ń bọ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ máa rò ó wò, kí lẹ rò pé ó ṣe?

Ọjọ́ kejì tí mo dé láti Ìbàdàn ni ìyàwó rẹ̀ fà mí wọ ilé ìdáná. Obìnrin lèmi náà, àmọ́ ọkọ ló ń pè mí, bí ìyàwó ilé ṣe máa ń ṣe fún àbúrò ọkọ. Ó ní: “Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi ẹ̀gbọ́n yín léèrè: ṣé rìsífà máa ń mú ẹja dì?” Mi ò mọ èsì tí mo lè fún un. Mo bá a gé àlùbọ́sà.

Ohun tí wọ́n bá nínú rẹ̀

Lọ́jọ́ Monday, a gbé àpótí náà lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní apá Ndokoti, níbi tí mọ́tò àti ọ̀kadà ti ń dí ara wọn lọ́nà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó yí ẹ̀yìn rìsífà náà sókè, ó sì fi ìka kàn án níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà: 120 V, 60 Hz.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Iná tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà jẹ́ 120 volt. Ti Kamẹrúùnù jẹ́ 220, ti Nàìjíríà náà sì lé ní 220. Ẹ̀gbọ́n mi mọ èyí, ẹni tó tà á fún un náà mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tó fi fún un ní tírànsfọ́mà kékeré kan tó ń sọ 220 di 110. Àmọ́ 300 watt ni wọ́n kọ sára tírànsfọ́mà náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, 500 watt ni wọ́n kọ sẹ́yìn rìsífà. Ẹ̀gbọ́n mi tún so àpótí béèsì, tó ń jẹ iná tirẹ̀ lọ́tọ̀, mọ́ tírànsfọ́mà kan náà. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò ṣe nǹkan kan, torí wọn kì í yí ohùn sókè. Ohùn rírọlẹ̀ kì í jẹ iná púpọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n yí i sókè ni tírànsfọ́mà náà gbóná ju agbára rẹ̀ lọ, wáyà inú rẹ̀ jó, 220 sì rọ́ gììrì wọnú àpótí tó yẹ kó gba 120.

Ọkùnrin náà tú àpótí náà. Ó yọ ọmọọ́lé kan tó ti gbẹ jáde, ó gbé e sórí tábìlì, ó wò wá. Ó ní oṣooṣù lòun ń rí irú ẹ̀ nínú ẹ̀rọ àwọn èèyàn. Inú ẹ̀rọ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ní ihò lára. Kí ni ọmọọ́lé tún fẹ́? Tí ó bá fẹsẹ̀ kan ibi méjì tí kò yẹ kó kàn pọ̀, ó parí. Èèrà àti aáyán náà kò gbẹ́yìn.

Ohun kẹta tó bá ló dun ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Kí eruku má bàa wọnú ẹ̀rọ náà, ó ti fi aṣọ léèsì funfun kan bò ó lórí, ó sì gbé òdòdó sórí aṣọ náà. Mo mọ ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, títí kan ilé ìyá mi. Àmọ́ orí yẹn ni ooru máa ń gbà jáde. Ó yẹ kí àyè tó fẹ̀ tó ìbú ọwọ́ kan, ó kéré tán, wà lókè rìsífà, kò sì yẹ kí wọ́n fi há inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Orí yọ wọ́n. Fíúsì àti àwọn nǹkan kéékèèké tó wà lẹ́nu ọ̀nà iná ló jó, iná kò tíì dé ojú bọ́ọ̀dù tó ń ṣiṣẹ́ ohùn. Ọkùnrin náà tún un ṣe lọ́jọ́ mẹ́ta, àmọ́ kò gbà kí wọ́n gbé e lọ títí wọ́n fi ra tírànsfọ́mà tí agbára rẹ̀ ju ìlọ́po méjì iye tí rìsífà àti àpótí béèsì lè jẹ lápapọ̀. Ó tún sọ ohun kan tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀: tírànsfọ́mà lè sọ 220 di 110, àmọ́ kò lè sọ 50 Hz di 60. Ọ̀pọ̀ rìsífà máa ń fara dà á, wọ́n kàn máa ń gbóná díẹ̀ sí i ni.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra tokunbo, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ má wo iwájú. Tí wọ́n bá kọ 220-240 V síbẹ̀, tàbí tó ní ojú ibi tí wọ́n ti ń yí i láti 120 sí 230, ọkàn yín á balẹ̀. Bí púlọ́ọ̀gù ṣe rí kò lè sọ òótọ́ fún yín, torí wọ́n lè ti gé e. Ní Kamẹrúùnù, ẹsẹ̀ róbótó méjì ni púlọ́ọ̀gù wọn ní, bíi ti àwọn ará Faransé, tiwa sì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta pẹlẹbẹ, bíi ti àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ń kó ọjà láti ibì kan lọ síbòmíì á ti pààrọ̀ rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tàn án fún wákàtí kan, kí ẹ gbọ́ ohùn sípíkà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ sì ki wáyà HDMI bọ gbogbo ojú ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tójú àwọn míì rí

Nígbà tí ìròyìn iná náà tàn kálẹ̀ ládùúgbò, gbogbo ẹni tó ní rìsífà ló wá sọ tiẹ̀. Olùkọ́ kan tó ń gbé lápá odò Dibamba, nítòsí afárá ojú irin táwọn ará Jámánì ṣe, níbi tí ogun ti ṣẹlẹ̀ lóṣù October 1914, sọ pé tòun kì í jó ní tiẹ̀, ó kàn máa ń pa ara rẹ̀ ni. Tó bá ti tó ìdajì wákàtí, ó ti kú nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù ló tó mọ̀ pé òun lòún jẹ̀bi. Ó fẹ́ kí ohùn dé yàrá kejì, ló bá so sípíkà méjì-méjì mọ́ ojú ihò kan ṣoṣo. Tí sípíkà méjì tó jẹ́ ohm mẹ́jọ-mẹ́jọ bá jọ so mọ́ ojú kan bẹ́ẹ̀, mẹ́rin ni wọ́n máa di, bí nọ́ńbà yẹn bá sì ṣe ń kéré sí i ni iṣẹ́ rìsífà á máa pọ̀ sí i. Ṣe ló ń pa ara rẹ̀ kó má bàa jó. Ó yẹ kéèyàn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, àmọ́ olùkọ́ náà sọ pé òun ti nà án lábàrá láìmọye ìgbà.

Òjò ni ẹjọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ. Òjò tó ń rọ̀ ní Douala lọ́dún kan lé ní 3,500 mílímítà, ìyẹn sì tó ìlọ́po méjì ti Èkó. Lásìkò òjò, ògiri máa ń lààgùn, ẹnu wáyà sípíkà á máa di dúdú, rìmóòtù á máa kọṣẹ́. Obìnrin kan sọ pé òun máa ń tan rìsífà òun díẹ̀ lójoojúmọ́ lásìkò òjò bí kò tiẹ̀ sí nǹkan tí òun fẹ́ gbọ́, kí ooru inú rẹ̀ lè lé ọ̀rinrin dà nù. Ó ti lò ó fún ọdún mọ́kànlá.

Ààrá ló bá temi jà ní Ìbàdàn. Nígbà tí òjò ṣú, mo yọ púlọ́ọ̀gù gbogbo ẹ̀rọ kúrò lára ògiri bí màmá mi ṣe kọ́ wa, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo gbàgbé wáyà tó ti ara díìṣì orí òrùlé wọnú dìkódà. Mànàmáná kan kọ, ó gba wáyà yẹn wọnú dìkódà, ó gba HDMI wọnú rìsífà. Rédíò rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀, àmọ́ gbogbo ojú HDMI rẹ̀ ti kú. Wọ́n ní kí n jù ú nù. Ọkọ mi ló rí i pé ihò kékeré kan wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n wa tó máa ń tan iná pupa, tí wọ́n kọ Optical sí. A ra wáyà rẹ̀, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwòrán ń lọ tààrà sórí tẹlifíṣọ̀n, ohùn ń gba ibẹ̀ lọ sínú rìsífà, bá a ṣe ń lò ó títí dòní nìyẹn. Àmọ́ tójò bá ti ṣú báyìí, wáyà díìṣì ni mo kọ́kọ́ ń yọ.

Àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Peckham nílùú London kò níṣòro iná tàbí òjò. Aládùúgbò ni tiẹ̀. Ògiri kan ló wà láàárín wọn, òfin ariwo tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́dún 1996 sì fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti fìyà jẹ ẹni tí ariwo rẹ̀ bá pọ̀ jù láàárín aago mọ́kànlá alẹ́ sí méje àárọ̀. Ìṣòro wọn ni pé tí wọ́n bá ń wo fíìmù, wọn kì í gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ, wọ́n á wá yí ohùn sókè, ìbọn á sì dún, gbogbo ilé á gbọ̀n. Ohun méjì ló gbà wọ́n. Wọ́n fi kún ohùn sípíkà àárín nìkan, torí òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu. Lẹ́yìn náà, wọ́n wá ibi tí wọ́n kọ Night sí nínú ètò rìsífà náà, tó máa ń rẹ ohùn ńlá sílẹ̀, tó sì máa ń gbé ohùn kékeré sókè. Ọ̀pọ̀ rìsífà ló ní in, orúkọ tí wọ́n ń pè é ló yàtọ̀ síra.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Ọ̀pọ̀ jù lọ fíìmù Yorùbá tí à ń wò lórí YouTube, ohùn méjì péré ló ní, òsì àti ọ̀tún. Tẹ́ ẹ bá ní sípíkà méje, rìsífà máa ń dá ọgbọ́n ara rẹ̀ da ohùn sí àwọn tó kù, ó sì lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dà bíi pé inú ihò ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ẹ yí i sí Stereo. Ní tèmi o, tó bá jẹ́ pé fíìmù Yorùbá, orin àti bọ́ọ̀lù ni ìdílé yín máa ń wò jù, sípíkà méjì tó dáa sàn ju márùn-ún tí kò dáa lọ, owó tó bá ṣẹ́ kù á sì wúlò fún nǹkan míì.

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà pẹ̀lú mi. Nígbà tí wọ́n tún rìsífà rẹ̀ ṣe tán, ó mú gbohùngbohùn kékeré tó bá a wá jáde. Ọ̀pọ̀ rìsífà ló ní in. Tẹ́ ẹ bá gbé e síbi tí ẹ máa ń jókòó, sípíkà kọ̀ọ̀kan á dún, rìsífà á sì fi ìyẹn mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà tó àti bí ohùn rẹ̀ ṣe yẹ kó lágbára tó. Yamaha ń pe tiẹ̀ ní YPAO, Denon ń lo Audyssey. Nígbà àkọ́kọ́, ọ̀sán ló ṣe é, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń ké, adìyẹ ń ké, béèsì sì wá lágbára débi pé ilẹ̀kùn ń mì. Aago márùn-ún ìdájí ló tún un ṣe, ó ní kí gbogbo ilé má mí. A ò mí. Ó dáa gan-an lọ́tẹ̀ yìí, mo ní láti sọ òótọ́. Ó tún rí ibi tí wọ́n kọ Audio Delay sí, ó fi mú kí ohùn bá ẹnu àwọn òṣèré mu. Ó wá bi mí bóyá òun lè fi ṣe é tí gòólù pápá Japoma ò fi ní ṣáájú tẹlifíṣọ̀n mọ́. Mo ní àfi tó bá máa fi Audio Delay sójú fèrèsé.

Nígbà tí njangi tún kàn wọ́n, ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ gba owó náà. Fírísà ti wà nílé báyìí, òun ló sì ń lo sítébíláísà tó dáa jù nílé. Mo pè wọ́n lórí fóònù aláwòrán lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́ ní pápá ìṣeré wọn. Mo rí rìsífà náà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi, kò sí léèsì lórí rẹ̀ mọ́, iná rẹ̀ sì ń tàn, àmọ́ mi ò gbọ́ ohùn kankan. Ó ti pa ohùn rẹ̀. Ó ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, ó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, ó ń retí kí pápá kọ́kọ́ sọ fún un.